Ẹsẹ̀ Túùkú Kì í Ṣe Ẹsẹ̀ Ewúrẹ́

Ìyá àgbà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, wọ́n ti àtàǹpàkò bọ ojú ẹsẹ̀ ẹran tó wà nílẹ̀. Òórùn ilẹ̀ tútù gba gbogbo oko. Aládùúgbò wa tó ni ẹ̀gẹ́ tí ẹran bà jẹ́ dúró lẹ́yìn wa pẹ̀lú àdá rẹ̀. Láti òwúrọ̀ ló ti so ewúrẹ́ ìyá àgbà mọ́ ilé ara rẹ̀, ewúrẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ní, tòun ti oyún nínú. Ó ní bí wọn kò bá bẹ òun, òun máa pa á.

“Màámá, ẹ ṣáà bẹ̀ ẹ́, kó tán,” ni bàbá àgbàlagbà tó wá parí ìjà wí. “Ẹsẹ̀ ewúrẹ́ nìyí. Gbogbo wa la rí i.”

“Méè bẹ̀,” ni ìyá àgbà fi Ìkálẹ̀ dá a lóhùn. Mi ò bẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Kò yà mí lẹ́nu. Bá a bá ń lọ sóko láti Odígbó, wọn a dúró lójú ọ̀nà, wọn a bi mí pé, “Ta ló kọjá níbí?” “Ta” ni wọ́n máa ń sọ, àfi bí ẹni pé ẹran jẹ́ ará àdúgbò. Bí koríko bá gé dágẹrẹ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, ọ̀yà ni. Bí pátákò bá kéré tó sì ṣẹnu ṣóńṣó, ẹtu ni. Bí mo bá méfò, wọn a ní, “Má sọ ohun tó o rò. Sọ ohun tó o rí.” Àwọn kan máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ ọdẹ kì í ṣe tobìnrin. Ìyá àgbà a dá wọn lóhùn pé, “Ṣé ẹsẹ̀ ẹran máa ń sá fún ojú obìnrin ni?”

Lọ́jọ́ ìjà ẹ̀gẹ́ yẹn, ìyá àgbà fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ júwe. “Ti ewúrẹ́ máa ń ṣẹnu ṣóńṣó. Èyí fẹ̀, ó rí rìbìtì. Ewé ni ewúrẹ́ ń jẹ. Ewé ẹ̀gẹ́ rèé, kò sẹ́ni tó fẹnu kàn án. Ewúrẹ́ wo ló ń fi imú hú ẹ̀gẹ́ nílẹ̀?” Wọ́n wá mú wa lọ sídìí ọ̀pẹ kan. Ẹrẹ̀ gbẹ mọ́ ọn lára, irun pupa líle sì lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ náà. “Túùkú ló fara nù níbí, ẹlẹ́dẹ̀ igbó. Ẹ lọ so òun mọ́lẹ̀.”

Ọkùnrin tó ni ẹ̀gẹ́ náà fa irun kan yọ, ó wò ó títí. “Ó dáa, Màámá. Ẹ wá mú ewúrẹ́ yín.”

“Mi ò wá. Ibi tó o ti mú un ni kó o dá a padà sí.”

Ìyá àgbà yí padà, wọ́n ń lọ sílé. Mo sunkún lọ́nà, torí mo fẹ́ràn ewúrẹ́ yẹn, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ọkùnrin náà lè fi ìbínú pa á. Ìyá àgbà kò dẹ ẹsẹ̀.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, a ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé nígbà tá a gbọ́ igbe ewúrẹ́. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń fà á bọ̀ láàárín ìgboro, àwọn ọlọ́kadà ń rọra kọjá kí wọ́n lè wò ó dáadáa. Ó so ó mọ́ èèkàn rẹ̀. Ìyá àgbà ní, “O ṣeun,” wọ́n sì ń bó ẹ̀gẹ́ wọn lọ.

Òrè ni mo ti ń tajà báyìí, lẹ́bàá gáréèjì, níbi tí túùkú kò lè dé. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá ti dìjà, wọ́n á ní kí n ṣáà bẹ̀, kó tán. Bí mo bá jẹ̀bi, orúnkún mi kò wúwo láti kúnlẹ̀. Bí mi ò bá jẹ̀bi ńkọ́? Màá ní kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Bí wọn ò bá fẹ́ wò ó, méè bẹ̀.