Irin àti Ìrìn

Ọkọ mi fẹ́ràn irin ju oúnjẹ lọ, oúnjẹ náà kì í sì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Lẹ́yìn ilé wa ní Okokomaiko, ó ki páìpù irin kan bọ agolo ọ̀dà méjì, ó da kankéré kún wọn, ó sì ń gbé e sókè láràárọ̀, á máa fọn bí àgbò tó fẹ́ kàn. Bó bá ṣe tán, á lọ dúró níwájú dígí, á ní kí n wá wo àyà ọkùnrin.

Èmi ní tèmi, ìrìn ni mo mọ̀. Télọ̀ ni mí. Ẹni tó bá ń jókòó ti máṣíìnì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wá ọ̀nà àtijáde. Kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo ti rìn kánmọ́kánmọ́ dé Ìyànà-Ìbà, mo sì ti padà. Ṣùgbọ́n kí n gbé nǹkan tó wúwo? Ọmọ aráyé ẹ gbà mí!

Ọjọ́ ìsinmi kan ni àwọn nọ́ọ̀sì wá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ na apá, ó fún iṣan rẹ̀ pọ̀ kí gbogbo ìjọ lè rí i. Nọ́ọ̀sì náà, obìnrin kúkúrú kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ní, "Bàbá, ẹ dẹ apá yín sílẹ̀. Kì í ṣe ìjàkadì la wá jà."

Ìfúnpá rẹ̀ ga. Mo ti ń múra àtifi í ṣe yẹ̀yẹ́ kí wọ́n tó wọn tèmi. Tèmi náà ga díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì náà bi wá pé irú eré ìdárayá wo là ń ṣe. A sọ fún un. Ó mi orí.

"Bàbá ń gbé irin, wọn kì í rin ìrìn. Màmá ń rin ìrìn, wọn kì í gbé irin. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ ló ń kọ́ ọkàn bí yóò ṣe máa fa ẹ̀jẹ̀ láìṣe wàhálà. Irin ló ń mú kí iṣan le, tí ẹrù ojoojúmọ́ ò fi ní ni ọkàn lára jù. Ẹ pa méjèèjì pọ̀. Ẹ fi èyí tó fúyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má sé èémí tẹ́ ẹ bá ń gbé e. Kẹ́ ẹ sì tètè lọ rí dókítà."

Ohun kan náà ni dókítà sọ, ó kàn fi oògùn kún ti ọkọ mi ni. La bá ṣe àdéhùn: òun á máa rìn láràárọ̀, èmi á máa gbé agolo mílíìkì méjì tí mo bá fúnra mi da kankéré sí. Ó ní òun ò lè bá mi rìn o, kí àwọn èèyàn má baà rò pé ìyàwó òun ló ń lé òun. Mo sún ìrìn tèmi sí ìrọ̀lẹ́.

Inú mi dùn sí ọkọ mi. Láràárọ̀ ló ń padà wálé, síngílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á ti rin gbingbin.

"Dádì, ẹ kú ìrìn o."

"Kò rọrùn o, Màmá. Ọlọ́run ló ń ràn mí lọ́wọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé aṣọ lọ fún kọ́sítọ́mà kan ní Ìbà. Nígbà tí mò ń bọ̀, mo dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n wọlé, ta ni mo bá lẹ́yìn? Ọkọ mi ni, ó rọra jókòó, omi inú ọ̀rá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo jókòó tì í. "Dádì, ẹ kú ìrìn o."

"Ẹsẹ̀ ló kàn dùn mí lónìí," ló wí.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká délé, awakọ̀ yíjú padà. "Bàbá, a ti ń dé o. Ṣé ẹ ò ní da omi sára lónìí ni?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú kúrò nínú kẹ̀kẹ́.

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, mi ò mọ̀ pé ẹ̀san ń bọ̀. Ọjọ́ kan tí òjò ṣú, ó ní kí òun bá mi kó àwọn agolo mi wọlé. Ó di ọ̀kan mú gírígírí, ó kó agbára jọ, ó fà á. Agolo fò sókè, díẹ̀ ló kù kó gbá a lágbọ̀n. Ó gbọ̀n ọ́n wò. Kankéré orí rẹ̀ là, àjákù aṣọ sì ń yọ jáde. Télọ̀ ni mí, kí ni kí n fi àjákù ṣe? Mo kì wọ́n sínú agolo, mo wá fi kankéré pẹlẹbẹ bo ojú wọn.

Ọkọ mi fa ànkárá kan yọ, ó gbé e sókè. "Bùbá Kérésì mi rè é! Màmá, o kú iṣẹ́ agbára o."

Láti ọjọ́ náà, ìfọkàntánni parí láàárín wa, ìyẹn ló sì gbà wá. À ń jọ rìn, à ń jọ gbé irin. Kí n tó gbé agolo, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bíi kọ́sítọ́ọ̀mù ní bọ́dà Sẹmẹ. Lójú ọ̀nà, kò sí ẹni tí kò kí, kó ṣáà lè rí ibi dúró mí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yé kí èèyàn. Dókítà ní ìfúnpá àwa méjèèjì ti ń wálẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọkọ mi má fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń dùn mí: ọkùnrin yìí ti ń yára jù mí lọ. Láàárọ̀ yìí, ó fi mí sẹ́yìn nítòsí géètì yunifásítì, ó ń ju apá síwá sẹ́yìn. Mo kígbe pé okùn bàtà mi ti tú. Ó padà wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè wò ó. Mo bá sáré kọjá lára rẹ̀.