Ọjọ́ Tí Mo Gbé Òjò Lọ Wo Ilé ní Àkúrẹ́

Oòrùn ọ̀sán ń jó mi lórí ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wù òjò ló wà lọ́rùn mi, bàtà òjò sì gùn mí dé orúnkún. Ilé ni mo wá wò. Mo fẹ́ rà á.

Ọdún kẹta tí ìyàwó mi ṣaláìsí nìyẹn. Ilé tí àwa méjèèjì háyà ní Oǹdó kì í fi òjò kankan sílẹ̀ lóde. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbà wọlé. A ti gbé bẹ́ẹ̀dì dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá kí ó tó lọ. Mo wá pinnu pé n kò ní darúgbó sínú ilé tó ń jò.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́ mi ní ohun tí n óò ṣe. Ó ní, “Àbúrò, ilé tí o bá wò lóòrùn, òjò ni yóò wá ròyìn rẹ̀ fún ọ. Lọ wò ó nígbà tí òjò bá ń rọ̀.” Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ ojú ọ̀run. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yẹ àdéhùn nítorí pé oòrùn ràn, n kò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún màmá tó ni ilé Àkúrẹ́ náà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tó yá, òjò ńlá dé ní Oǹdó. Mo múra, mo wọ mọ́tò tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí a ó fi dé Àkúrẹ́, eruku ni mo bá lójú títì.

Màmá wò mí láti òkè délẹ̀. “Bàbá, ṣé inú odò lẹ gbà wá ni?”

Mo ní rárá. Mo ní kí wọ́n yá mi ní àkàbà àti garawa.

Garawa omi mẹ́ta ni mo dà sórí páànù. Màmá ń wòkè láti pálọ̀, wọ́n ń wí pé, “Kò jò.” Àṣejù ni baba àṣetẹ́, mo sì mọ òwe náà dáadáa, ṣùgbọ́n n kò tíì dán apá ẹ̀yìn wò. Mo gun orí òrùlé tòun ti garawa kẹrin. Bàtà òjò yọ̀, páànù ya, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún gba inú àjà kọjá títí dé itan. Omi garawa tẹ̀lé e.

Ohùn màmá wá láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Ó ti jò báyìí o, Bàbá. Ṣé ọkàn yín ti balẹ̀?”

“Ẹ má bínú, mà.”

“Mi ò bínú. Ta ló kọ́ yín ní irú èyí?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà.”

“Ẹ bá mi kí wọn.”

Àwọn aládùúgbò ló fà mí yọ. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ti fẹ́ pariwo olè, àfi ìgbà tí òun rántí pé olè kì í pọnmi dání.

Mo ra ilé náà. Ó dára, kò sì jò, àyàfi ojú kan yẹn. Káfíńtà ti tún un ṣe títí, ó ti sú u. Àlejò a máa gbójú sókè, a bi mí pé ta ló ṣe irú iṣẹ́ burúkú yìí. Mo máa ń dáhùn pé ẹnìkan tó wá wo ilé ni. Bí wọ́n bá ti lọ, tí ó ku èmi nìkan, mo máa ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìyàwó mi ì bá rẹ́rìn-ín ju bẹ́ẹ̀ lọ.