Ẹ̀rí Tí Mo Yára Jẹ́

Àga ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Mafoluku. Àwọn ènìyàn rò pé nítorí atẹ́gùn ni, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù olè, kì í ṣe ẹ̀rù àjẹ́. Ó kàn máa ń dé bá mi níbi tí mo ti ń kọ ìṣirò sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ni: àyà mi á máa lù kì-kì-kì, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, á sì dá mi lójú pé bí n kò bá jáde lójú ẹsẹ̀, kíkú ni màá kú. Mo ti sáré jáde ní báńkì rí. Mo ti sáré jáde nínú ìpàdé àwọn olùkọ́, mo parọ́ pé inú ló ń run mí.

Dókítà kan ní Ìsọlọ̀ ló sọ fún mi pé àìsàn ni, bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe jẹ́ àìsàn, pé kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe pé n kò gbàdúrà tó. Ó fún mi ní oògùn, ọ̀kan láràárọ̀, ó ní kí n máa padà wá lóṣooṣù. Màá gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, màá gbàdúrà lé e lórí, màá fi omi gbé e mì. N kò rí ìjà kankan láàárín Ọlọ́run àti oògùn náà. Ike rẹ̀ máa ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú báàgì mi bí mo bá ń rìn, ìró yẹn sì máa ń fi mí lọ́kàn balẹ̀. Nígbà tó fi máa tó oṣù méjì, mo ti ń tò sórí ìlà ní báńkì bí ọmọ ènìyàn.

Ibi tí mo ti wá ṣìṣe nìyí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a kì í dúró kí nǹkan parí ká tó jẹ́rìí rẹ̀. Nípa ìgbàgbọ́ la ń jẹ́ ẹ. Ẹni tó ń wá ọmọ á dúpẹ́ ọmọ, ẹni tó ń wáṣẹ́ á wọ kóòtù wá síwájú pẹpẹ. Lọ́jọ́ Àìkú ìdúpẹ́ kan, wọ́n gbé máìkì lé mi lọ́wọ́. Olùkọ́ ni mí, ẹni tó bá sì gbé máìkì fún olùkọ́, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ara mi ti ń yá díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ gbogbo ìjọ ké Halelúyà, orí mi sì wú. Kí n má tàn yín, mo fẹ́ràn kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ṣí báàgì, mo yọ ike oògùn, mo gbé e sórí pẹpẹ, mo ní, "Mi ò nílò rẹ̀ mọ́!" Ìjọ fò sókè. Nọ́ọ̀sì tó máa ń fún mi ní oògùn náà ní Ìsọlọ̀, ọmọ ìjọ wa ni, òun náà pàtẹ́wọ́.

Ẹyin lohùn. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ẹ̀rù náà padà dé, níbi tí mo ti ń lọ aṣọ iṣẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Ibo ni mo fẹ́ gbà? Bí mo bá padà sí Ìsọlọ̀, nọ́ọ̀sì á rí mi. Pásítọ̀ sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó bá ṣiyèméjì ló ń dá ìwòsàn rẹ̀ padà, nítorí náà bí mo bá la ẹnu, èmi náà ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹnu mi ló tì mí mọ́lé.

Wọ́n tún wá gbé mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó pásítọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ní, "Sístà, ẹlẹ́rìí kì í jókòó sẹ́yìn o. Ẹ máa bọ̀ níwájú." Ó fi mí sí àárín àga gígùn àkọ́kọ́: ìyá kan tó sanra lápá ọ̀tún, òmíràn tó sanra jù ú lọ lápá òsì, pẹpẹ níwájú, gbogbo ìjọ lẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi jókòó síbẹ̀. Màá máa fi èékánná já itan ara mi, màá máa ka ọwọ́ fáànù òkè. Bí bàálù bá ń kọjá lórí wa, tí ariwo rẹ̀ bo ohùn pásítọ̀, ìgbà yẹn ni mo máa ń mí hẹlẹhẹlẹ bó ṣe wù mí. Omi á máa dà lójú mi, àwọn ìyá méjèèjì á sì máa gbá mi lẹ́yìn pé Ẹ̀mí ti bà lé mi. Inú á bí mi, n kò sì mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Inú balùwẹ̀ ni mo ti ń gba àdúrà tèmi: "Bàbá, mo ti fi orúkọ Yín parọ́. Ẹ yọ mí." Ó dákẹ́, tàbí kó jẹ́ pé èmi ni n kò fẹ́ gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, lẹ́yìn ìsìn, Màmá mú ọ̀dọ́bìnrin kan nínú ìjọ wa wá bá mi. Ilé iṣẹ́ páálí kan ní Ìsọlọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, ìdí ẹ̀rọ tó ń gé páálí ni wọ́n fi í sí. Màmá ní, "Irú tiyín ló ń ṣe é. Ẹ bá a sọ̀rọ̀, kó lè gbé oògùn tiẹ̀ náà wá sórí pẹpẹ lọ́jọ́ Àìkú." Ó mú wa wọ yàrá kékeré tí wọ́n ń kó aṣọ akọrin sí, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Yàrá náà kò ní fèrèsé.

Ọmọbìnrin náà mú ike oògùn jáde, irú tèmi gan-an.

"Àǹtí, mo ti dá a dúró nígbà kan," ó ní. "Ọjọ́ kẹrin, ó mú mi nídìí ẹ̀rọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, díẹ̀ báyìí ló kù kí ẹ̀rọ gé e. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà sọ tiyín nù, nǹkan kan ò sì ṣe yín. Tẹ́ ẹ bá ní kí n sọ ọ́ nù, màá sọ ọ́ nù."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ó kun èékánná rẹ̀ ní pupa. Àyà mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń ṣe mí bí ẹni pé àwọn aṣọ akọrin yẹn ń sún mọ́ mi. Gbogbo ara mi ló ń fẹ́ ilẹ̀kùn. Kí n ṣáà ti sọ pé, "Sọ ọ́ nù, Ọlọ́run ń bẹ," kí n sì bọ́ síta. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi.

Mo mú ọwọ́ náà, mo gbé e lé àyà mi.

"Àǹtí, ó ń lù! Ó ń lù gan-an!"

"Bó ṣe ń lù nìyẹn láti nǹkan bí oṣù méjì. Kò lọ. Oògùn àti àdúrà ló jẹ́ kó rọlẹ̀, èmi ni mo lọ sọ oògùn nù. Irọ́ ni mo pa lórí pẹpẹ. Má sọ tìẹ nù o."

Mo rò pé á dì mọ́ mi. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ gbà.

"Àǹtí, ẹ ò ṣe dáadáa," ó ní. "Àtọjọ́ tẹ́ ẹ ti jẹ́rìí ni mo ti ń rò pé Ọlọ́run ò ka èmi sí."

Mo ní kó má bínú, ọ̀rọ̀ náà sì kéré lẹ́nu mi. Màmá kan ilẹ̀kùn, ó ní ṣé a ti gbàdúrà tán. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ jẹ́rìí lọ́jọ́ Àìkú." Inú rẹ̀ dùn, kò sì bi mí pé ẹ̀rí kí ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo lọ sí Ìsọlọ̀. Nọ́ọ̀sì yẹn ló bá mi wá káàdì mi. Ó kàn ní kí n jókòó de dókítà.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ní ẹ̀rù náà ṣì ń bẹ lára mi, mo ti padà sídìí oògùn, Ọlọ́run kò sì rán mi pé kí n parọ́. Ẹnikẹ́ni kò ké Halelúyà. Màmá gba máìkì kí n tó sọ tán. Nígbà tí mo yíjú sí àga wa, ìyá apá òsì ti gbé báàgì rẹ̀ sí ààyè mi. Mo wá ń rìn lọ sẹ́yìn, ojú gbogbo ìjọ lára mi, ọ̀nà yẹn sì gùn fún mi bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn láti Òṣòdì lọ sí Apakun.

Ọmọbìnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò rẹ́rìn-ín sí mi. Ó kàn gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n lè jókòó, bó sì ṣe gbé e, mo gbọ́ tí ike oògùn dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú rẹ̀.