Ẹ̀jẹ̀ Tí A Fi Pamọ́ fún Àna

Òórùn làfún tí wọ́n sá sórí àpáta ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní Ìgbó-Ọrà láyé ìgbà náà, ó kan, ó sì ń dúró nínú aṣọ. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe tíṣà nígbà tí ọkọ mi kú, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì di bàbá fún ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí mo bí. Ìwọ náà, ọ̀rẹ́ mi, gbé ilé ọkọ rí, o mọ bó ṣe ń rí: èmi ni mo rọbí, àmọ́ ẹlòmíì ló ń pàṣẹ.

Nígbà tí ọmọ náà dé fún ìsinmi láti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, mo rí ẹ̀jẹ̀ lára ṣòkòtò tó fẹ́ fọ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

“Màámi, àtọ̀sí ajá ni. Nínú àwa tá a wẹ odò Ìdèrè, ta ni kò tọ̀ ọ́ rí?”

Kò parọ́. Ní Ìbàràpá wa, ọmọkùnrin tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ kì í ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Àwọn àgbà a tilẹ̀ ní ó ti ń di ọkùnrin nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni tèmi ti lo oògùn rẹ̀ tán, ó sì ti pẹ́ tó ti fi odò sílẹ̀. Mo ní ká lọ sí Ìbàdàn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kọ̀. A ń tọrọ ìyàwó fún ọmọ mi ní Igangan lọ́wọ́ ni, àwọn ẹbí ọmọbìnrin náà sì ti ń ṣe ìwádìí wa, bí a ti máa ń ṣe é: ṣé wàrápá wà nílé yẹn, ṣé ẹ̀tẹ̀, ṣé wèrè?

“Tíṣà, o fẹ́ ba ọmọ jẹ́ ni? Bí wọ́n bá gbọ́ ọsibítù ńlá, wọ́n á ní àrùn ìdílé ni.”

“Bàbá, bó bá wá kú ńkọ́?”

“Ta ni àtọ̀sí ajá pa rí? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìdána ná. Ìwé ti pọ̀ jù lórí ìyàwó àbúrò mi yìí.”

Àwọn obìnrin ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Mo bẹ ọmọ mi pé ká yọ́ lọ. Ó fẹ́ràn ọmọbìnrin náà, ó ní kí n ṣe sùúrù. Ẹ̀jẹ̀ wá ń dì kó tó jáde. Yóò di ògiri ilé ìwẹ̀ mú, yóò sì máa payín keke. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń gbé àgbo wá, ó ń sọ fún àwọn àna pé ibà ni. Lọ́jọ́ ìdána, ọmọ mi jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn. Lábẹ́ agbádá rẹ̀, aṣọ àlòkù tí mo ká fún un ló ń gba ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó gbà kí n gbé e lọ sí Ìbàdàn. Jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ni. Mo bi dókítà bóyá láti inú ìran ló ti wá.

“Rárá, Màmá. Ẹ ò bí i mọ́ ọn, bàbá rẹ̀ náà ò bí i mọ́ ọn. Inú ara òun fúnra rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.”

Ó ní sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ìlànà tó ń tẹ̀ lé bó bá ń pín sí méjì. Bí ìlànà náà bá bàjẹ́, sẹ́ẹ̀lì á máa pín ní ìpínkúpìn-ín, ìbàjẹ́ á sì máa bí ìbàjẹ́. Ó ní lára àwọn ọ̀dọ́, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í tíì bàjẹ́ púpọ̀. Bí wọ́n bá tètè rí jẹjẹrẹ náà, wọ́n lè gé e kúrò. Ó wá wò mí. “Kí lẹ ń dúró dè?”

N kò lè sọ pé ìyàwó ni.

Ọmọ mi kú kí òjò tó padà dé. Níbi ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Ọlọ́run ló fún wa, òun náà ló gbà á. Mo sọ lójú gbogbo ẹbí pé kì í ṣe Ọlọ́run, pé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ló dà mí lórí rú. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti kí mi mọ́, n kò sì wá ìkíni wọn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà ti kú báyìí. Ó gbó, ó tọ́, wọ́n sì sin ín tìlù-tìfọn. Mo ti dárí ji ọ̀pọ̀ èèyàn láyé mi, n kò dárí jì í. Kò sí àrùn ìdílé kankan tí à ń bò mọ́lẹ̀ fún àna. Ọmọ mi nìkan la bò mọ́lẹ̀.