Àárín Àyà Rindala

Rindala tó ń gbé lókè yàrá mi ní àdúgbò Furn el-Shebbak ló ń ṣe irun fún gbogbo obìnrin òpópónà wa. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, kò sì tíì lọ́kọ, ìyá rẹ̀ kò sì jẹ́ kó gbàgbé. Bí oṣù Kẹjọ bá ti wọlé, àwọn ọkùnrin wa tó ń ṣòwò ní Abidjan máa ń rọ́ wálé wá ìyàwó, kí wọ́n tó tún padà lọ. Ọmọbìnrin tí wọ́n bá wá wò ló máa gbé kọfí wá fúnra rẹ̀, tí yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú wọn. Ibi ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn ni ọkàn Rindala wà.

Àyà rẹ̀ fẹ̀, ọmú rẹ̀ méjèèjì sì jìnnà síra. Ó fẹ́ kí wọ́n fara kanra. Dókítà Fawwaz ní òun lè fi àpò sílíkónì sínú ọmú rẹ̀ kó lè tóbi, àmọ́ òun kò ní gé ẹran tó so mọ́ egungun àyà, torí ẹran yẹn ni ògiri tó wà láàárín ọmú méjèèjì. Ó ní kó dúró di ìgbà òtútù, òun á bu ọ̀rá láti ikùn rẹ̀ fi dí àlàfo náà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn nígbà tí oṣù Kẹjọ ń bọ̀? Rindala wá dókítà mìíràn tí kì í sọ pé rárá. Ìyẹn gé e.

Ó rẹwà fúngbà díẹ̀, mi ò ní purọ́. A gbé ṣokoléètì lọ kí i. Nígbà tó yá, awọ àárín bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára egungun, àpò méjèèjì rọ́ wá pàdé, àyà rẹ̀ di òkè kan ṣoṣo. Ó sunkún padà lọ bá Fawwaz. Fawwaz ní kí wọ́n yọ àpò náà kíá, kí òun rán awọ mọ́ egungun. Tó bá pẹ́, awọ náà á fẹ́lẹ́, á sì ya.

Rindala ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá wò mí tán ná, dókítà."

Tanios, ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò Abidjan yẹn, ló wá, tòun ti Adla ìyá rẹ̀. Nínú ooru yẹn, aṣọ tó bo ọrùn ni Rindala wọ̀.

Adla ní, "Ọmọ mi, ṣé òtútù ń mú ọ ni, àbí o fẹ́ lọ di sísítà Ìjọ Àgùdà?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Níbi tí mo jókòó sí láàárín wọn, inú bí mi sí ẹ̀rín náà. Tanios kò tiẹ̀ wo àyà ẹnikẹ́ni. Ó bi í bóyá ó lè fara da òjò Abidjan, wọ́n sọ̀rọ̀ títí kọfí fi tutù. Kó tó padà, ó ti fi òrùka sí i lọ́wọ́.

Ìyá Rindala wá ní kò sí iṣẹ́ abẹ kankan títí di ìgbéyàwó, kí àna má baà gbọ́. Mo sọ fún un lórí àtẹ̀gùn pé ó ń fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ó ní kí n mójú tó ilé mi. Kí oṣù Kẹwàá tó parí, awọ náà ya, kòkòrò àrùn sì ti wọ̀ ọ́. Fawwaz yọ gbogbo rẹ̀ dànù. Ó ní kò sí awọ tí òun tún lè fi ohunkóhun sábẹ́ rẹ̀ láéláé.

Adla gbọ́, ó sọ fún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Rindala ni mo jókòó sí nígbà tí Tanios pè é láti Abidjan lórí fóònù, ohùn rẹ̀ sì ń dé etí mi.

Ó ní, "Rindala, mi ò wá torí àyà. Ṣùgbọ́n o jókòó tì mí, o mọ̀, o ò sọ. Kí ni mo tún fẹ́ gbà gbọ́ lẹ́nu rẹ?"

Rindala kò sunkún. Ó bọ́ òrùka, ó sì yíjú sí mi.

"Àǹtí Widad, ká ní mo ti sọ fún un lọ́jọ́ kọfí yẹn, ṣé ì bá fẹ́ mi?"

Mo mọ̀ pé ì bá fẹ́ ẹ.

Mo ní, "Rárá. Kì bá fẹ́ ọ."

Ó mí kanlẹ̀, ó sì dijú.