Orúkọ Tí Mo Já Gbà Lẹ́nu Bàbá Mi

Òórùn òrí tí wọ́n ń yọ́ lórí iná ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láràárọ̀ ní ọdún tí ẹ̀gbà dá bàbá mi wólẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìyá mi á ti gbé àpáàdì ka iná, á yọ́ òrí náà títí tí yóò fi dà bí omi, á wá fi pa apá ọ̀tún bàbá mi láti èjìká dé èékánná. Apá náà á kàn wà lórí ẹní bí igi tí ẹnìkan gbé síbẹ̀ tí ó gbàgbé. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn òrí gbígbóná, ibi yòówù kí n wà, ara mi kì í lélẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, tí a jọ dàgbà ní Kábà nígbà tí òmìnira kò tíì dé, tí Kàdúná ṣì ń pàṣẹ fún wa, ẹ ó rántí bí àáró ṣe rí. Bàbá mi ni olórí àáró ní àdúgbò wa. Bí ó bá dúró ní etí oko wa ní ọ̀nà Òkè-Bùkún, á máa pe àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ ebè lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ ní kíkún. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, ọkọ́ rẹ̀ á tún yá sí i. Àwọn tó wà ní oko kẹta á gbọ́ ọ. Dógarì pàápàá, ọlọ́pàá ọba tí kì í ka ẹnikẹ́ni sí, máa ń rẹ ohùn tirẹ̀ sílẹ̀ bí bàbá mi bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ lè ní mò ń fọ́nnu. Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń fọ́nnu. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn yẹn rí kò ní bá mi jiyàn.

Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà la fi ń kí ènìyàn: okun. Ẹni tó jí, okun. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, okun. Ẹni tí òkú kú fún, okun náà ni. Àwọn ọmọ Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìkíni wa kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwa mọ ohun tí a ń fi ṣe. Láàárọ̀, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, a ó ní, "Okun o, Bàbá." Òun náà á dáhùn pé "Okun o," á sì fi orúkọ kálukú wa tẹ̀lé e. Òfin ilé wa ni pé ọmọ tí bàbá kò bá tíì pè lórúkọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ. Ọmọ mẹ́ta ni wá. Ayọ̀ ni ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, Adé ni àbúrò wa tó ṣì ń fa imú sókè sódò, èmi Olúrótìmí wà láàárín wọn. Ọmọkùnrin méjì ló ti kú lọ́wọ́ ìyá mi kí n tó dé. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi kì í fi gé orúkọ mi kúrú bí àwọn tó kù. Á pè é láti orí dé ìdí, á fa ìparí rẹ̀ bí ẹni ń fa okùn tó fẹ́ kó yi dáadáa.

Ojú oko ni ẹ̀gbà ti bá a. Ó ń pe orúkọ lọ́wọ́, ó sì dúró sí àárín orúkọ kan. Àwọn tó wà lórí ebè rò pé ó fẹ́ sín ni. Nígbà tí wọ́n gbójú sókè, ó ti wà nílẹ̀.

Kò kú. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ènìyàn ń ṣe láìronú sí i di òkè níwájú rẹ̀. Láti so okùn ṣòkòtò rẹ̀, á gbà á tó ìgbà tí ìyá mi yóò fi sun iṣu kan jinná. Láti bó iṣu náà, á fi orúnkún há a, á máa fi ọwọ́ òsì họ ọ́, ìdajì á bọ́ sínú eérú. Mo rí eṣinṣin lójú rẹ̀ nígbà kan tí ó ń sapá láti lé e, tí eṣinṣin náà kò sì bìkítà. Ọkùnrin tó ń kọ igba ebè kí oòrùn tó mú! Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dùn ún tó ẹnu rẹ̀. Ẹnu náà wọ́ sápá kan, ohun tó sì ń ti inú rẹ̀ jáde kò ju "ún" àti "ò" lọ. Ìyá mi ní kí àwa ọmọ máa jẹun wa láìdúró de ìpè. Bí a bá ti bu òkèlè àkọ́kọ́, bàbá mi á kọjú sí ògiri.

Kíláàsì kejì ni mo wà ní ilé ìwé nígbà náà. Ìyá mi ń lọ sóko ní ipò ọkọ rẹ̀, Ayọ̀ ń pọnmi, ó ń ṣe ilé, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ jókòó ti bàbá. Èmi ni wọ́n mú. Mi ò sunkún ilé ìwé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe káàánú mi. Kíláàsì méjì tí mo ṣe, mo ti fi í kọ́lé, mo fi í tọ́ àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí ju èmi lọ, mo sì ń fi í kọ èyí tí ẹ ń kà. Nígbà tí mo fi jókòó ti bàbá mi fún oṣù méjì, mo ti mọ ojú rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń mọ ọ̀nà odò. Bí ó bá ṣẹ́jú báyìí, omi ni. Bí ó bá fi ọwọ́ òsì tẹ ilẹ̀, ó fẹ́ dìde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún àwọn àlejò: "Bàbá ní ẹ jókòó." "Bàbá ní ṣé ara ilé le?" Ẹnu á yà wọ́n.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan wà tí ń jẹ́ Sálíù. Mùsùlùmí ni, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n, wọ́n sì ti ń bú ara wọn láti kékeré. Ojoojúmọ́ ló ń wá, kò sì káàánú bàbá mi lójú kan, èyí ló jẹ́ kí bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀. Á jókòó tán, á ní, "Ìwọ yìí, ohùn tó ń lé ọ̀bọ kúrò ní Òkè-Bùkún, ta lo tà á fún? Kí n lọ bá a rà á padà." Bàbá mi á rẹ́rìn-ín ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan, itọ́ á máa dà. Sálíù ló sọ mí ní Tàfíńtà, orúkọ tí àwọn Haúsá ń pe ẹni tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún òyìnbó ní kóòtù. "Tàfíńtà, kí ni ọ̀gá rẹ wí?" Èmi á na ọrùn, èmi á túmọ̀. Ní gbogbo Kábà, ta ni ọmọ ọdún mẹ́wàá mìíràn tí àwọn àgbà ń dákẹ́ gbọ́?

Dídùn yẹn ló gbé mi dé ibi tí mo dé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi tèmi kún un. Ọkùnrin kan wá láti Odo-Àpé, ó fẹ́ kí bàbá mi fún òun ní ẹ̀bù iṣu díẹ̀. Bàbá mi ṣe "ún," mo ní, "Bàbá ní kí ẹ kó ogún." Bàbá mi fi ọwọ́ òsì lu ilẹ̀ gidigidi. Ọkùnrin náà rò pé ńṣe ni ó ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń dúpẹ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé "rárá" ni ìlù ọwọ́ yẹn. Mo wo ojú bàbá mi, mo tètè wo ibòmíràn. Láti ọjọ́ náà, ó lu ilẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, gbogbo ayé sì ń sọ pé, "Ẹ wo bí ọmọ yìí ṣe gbọ́ bàbá rẹ̀ yé."

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ohun kan ṣẹlẹ̀. Ayọ̀ kúnlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Okun o, Bàbá," bàbá mi sì la ẹnu. Ó pẹ́. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Lẹ́yìn náà a gbọ́ "A-yọ̀," ohùn náà há, ṣùgbọ́n ó mọ́. Ayọ̀ bú sẹ́kún, ìyá mi jó láàárín agbo ilé bí ọmọdé. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ó pe Adé. Adé kò tilẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó kàn ní, "Ẹ fún mi níṣu."

Ó wá ku èmi. Kí n má purọ́, ó dùn mí. Èmi tí mo jẹ́ ẹnu rẹ̀, èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí rẹ̀, èmi ni kò pè. Láràárọ̀ ni mò ń dọ̀bálẹ̀ tí mò ń dúró, òun náà á kàn máa wò mí. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Ó ní, "Orúkọ tìrẹ gùn. Ní sùúrù fún un." Mo ní mo ní sùúrù. Irọ́ ni mo pa. Ẹnu mi ni mo ní, mi ò ní sùúrù rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Ọ̀gìnnìtìn ti dé, wọ́n sì fẹ́ sun igbó ní ẹ̀yìn oko wa ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ mọ ohun tí igbó sísun jẹ́ fún ọmọkùnrin: òkété á máa sá jáde, àwọn ọmọ á máa lé e pẹ̀lú kóńdó. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń pè mí, "Tàfíńtà! Iná ti ràn o!" Sálíù ti jókòó lórí àpótí, ó ń yá iná. Mo sáré dọ̀bálẹ̀. "Okun o, Bàbá."

Bàbá mi fi ọwọ́ òsì di ojú ẹní mú. Ó la ẹnu. "O..."

Mo dúró díẹ̀. Èéfín ti ń gòkè lókèèrè.

"O... o..."

Sálíù béèrè pé, "Kí ló wí, Tàfíńtà?"

Mo ní, "Ó ní okun o."

Sálíù gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Okun, okun, ọ̀rẹ́ mi! O ti rí i kì!" Bàbá mi mi orí. Ó lu ilẹ̀. Ó tún gbé e, òógùn bò ó níwájú orí nínú òtútù yẹn: "O... lu..."

"Ó ní okun o, kí n máa lọ." Mo ti dìde. Ìyá mi yọ láti ilé ìdáná, ó fi gbogbo ohùn pariwo pé, "Rótìmí, dúró!" Mo rò pé iṣẹ́ ló fẹ́ rán mi. Mo fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Òkété mẹ́ta ni mo pa lọ́jọ́ náà. Kò sí ọmọ tó pa ju méjì lọ. Mo gbé wọn wọlé ní ọ̀sán, mo na wọn sí bàbá mi. Ògiri ló kọjú sí. Sálíù ti lọ. Ìyá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ wà ní itan, ohun tí n kò rí kí ó ṣe rí ní ọ̀sán. Kò nà mí. Ì bá sàn kí ó nà mí.

Ó ní, "Orúkọ rẹ ló ń pè."

Ó wá sọ ọ́ fún mi pé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí òun bá ti oko dé, tí mo bá jáde lọ ṣeré, òun àti bàbá mi máa ń jókòó sí ẹ̀yìn ilé, òun á fi ọwọ́ méjèèjì di àgbọ̀n rẹ̀ mú, wọn á máa pe orúkọ mi ní ìjàǹjá. "Olú" nìkan gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. "Rótìmí" ń mú un sunkún. Ọjọ́ tó ṣáájú ni ó pè é délẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó fẹ́ pè é níwájú Sálíù, kí Sálíù lè rí ohun tí yóò fi bú u.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo dọ̀bálẹ̀, mo dákẹ́ bí òkú. Mo wà nílẹ̀ títí igbá àyà fi ń dùn mí. Bàbá mi wò mí, ó gbé ọwọ́ òsì lé mi lórí, ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Kò pe Ayọ̀ lọ́jọ́ náà, kò pe Adé. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́, Sálíù bú u, ó bẹ̀ ẹ́, ó tún bú u. Ó jẹ iṣu tuntun lẹ́ẹ̀mejì sí i kí ó tó kú, a kò sì gbọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Wọn ò pè mí ní Tàfíńtà níwájú mi mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, nítorí ẹni tó bá pè mí bẹ́ẹ̀, ìjà ni.

Mo ti di ẹni tí ayé ń wò báyìí. Bí ìjà ilẹ̀ bá wà láti Kábà dé Ẹ̀kìnrìn-Àdè, èmi ni wọ́n ń wá pè, ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n sì ń fi parí rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ń jókòó gbọ́ mi. Kò sí iṣẹ́ agbára tí mo dáwọ́ lé tí n kò ṣe yọrí. Ohun kan ṣoṣo ni kò ṣeé ṣe fún mi, ohun tí ọmọdé tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lè ṣe: kí ẹnìkan máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí èmi sì dákẹ́ títí yóò fi parí rẹ̀. Mo ti gbìyànjú. Mo ti fi eyín di pákò mú títí ó fi kán.

Àbíkẹ́yìn mi, Fẹ́mi, jẹ́ akólòlò. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo jẹ́ nígbà náà kò mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó sáré lọ síbi iná. Èmi mọ̀ ọ́n, àgbàlagbà ni mí. Ní àárọ̀ òní, Fẹ́mi fẹ́ sọ nǹkan kan fún mi nípa ilé ìwé rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó há, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo mú un mọ́ra dé ìdajì. Lẹ́yìn náà, kí n tó mọ̀, mo ti bá a parí rẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Kì í ṣe ohun tó fẹ́ sọ nìyẹn, mo rí i lójú rẹ̀. Ó gbé àpò ìwé rẹ̀ kọ́ èjìká, ó jáde lọ.