Kíṣìnì Tí Mo Ṣe fún Màmá Àlàájì

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé òun fẹ́ kíṣìnì tuntun tó máa jọ ti àtijọ́, màá ti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi l'Órégùn, màá sá lọ. Ojú mi rí nǹkan lọ́wọ́ Àlàájì Wàsíù!

Màmá ẹ̀ ló ń dá gbé l'Ógbómọ̀ṣọ́, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Bó bá ti ní kí wọ́n wá bá òun gbé n'Íkẹjà, wọ́n á ní kíṣìnì Èkó ò jọ kíṣìnì. Ló bá kó ẹrù ìdáná wọn láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá mi, ó ní kí n fi ṣe kíṣìnì tí wọn ò ní lè kọ̀: kọ́bọ́ọ̀dù onínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tọ́jú ẹja sí nítorí ológbò, àwo tánganran, àti ọlọ.

Mo kun kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní ó ti tuntun jù. Mo ha ọ̀dà ẹ̀, ó ní ó ti gbó jù.

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe fẹ́ kó gbó tó gan-an?"

Àwo wọ inú àpótí gíláàsì, iná ń tàn sí i. Ó ní kí n gbé ọlọ kọ́ sára ògiri. Ọlọ! Òkúta! Mo bá a jà títí, ó sú mi, mo gbé e kọ́.

Nígbà tí kíṣìnì parí, Màmá dé, wọ́n wo àwo, wọ́n wo ọlọ lókè.

"Wàsíù, ìgbà wo ni mo kú?"

"Háà! Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀!"

"Ẹrù ẹni tó kú ni wọ́n ń tò báyìí, kí ẹbí tó pín in. Ta lẹ fẹ́ fún ní ọlọ mi?"

Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n ní ó di Ògbómọ̀ṣọ́. Àlàájì ń wò mí. Àánú ẹ̀ ṣe mí, inú sì tún ń bí mi. Mo gun àkàbà, mo tú ọlọ sílẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Ibo ni kó wà?"

Wọ́n nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo gbé e síbẹ̀, wọ́n ní ó ti wálẹ̀ jù fún orúnkún àwọn. Mo gbé e sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n ní ó ti ga jù. Olúwa o! Ìyá àti ọmọ, ìwà kan náà! Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó bá wọn mu.

Wọ́n jókòó, wọ́n fọ ọlọ, wọ́n ní kí wọ́n gbé ata wá. Àlàájì yọ fóònù, ó fẹ́ ya fọ́tò.

"Gbé ìyẹn sílẹ̀, wá bó àlùbọ́sà."

Ó ká ọwọ́ agbádá sókè, ó ń bó o, omi ń dà lójú ẹ̀. Màmá lọ ata díẹ̀, wọ́n wá gbójú sókè.

"Káfíńtà, bá mi gbé báàgì yẹn wọ yàrá."

Mo sáré gbé e kí wọ́n tó yí ọkàn padà.